Ilẹ̀dú Tí Kò Sí Nínú Ìṣirò

Kí katapílà awakùsà tó wọ oko ẹnikẹ́ni ní Agbábù ní Oǹdó tàbí ní Ìpèríndó nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ìwé iṣẹ́ náà á ti rin Èkó já. Láàrin Broad Street sí Tinúbú ni agbẹjọ́rò ti ń kọ àdéhùn, ibẹ̀ ni báńkì ti ń yẹ owó wò, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń tẹ àbọ̀ ìwádìí tó nípọn bíi Bíbélì, tí wọ́n ń di ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí Àbújá. Mo wà lára àwọn tó ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Orí tó máa ń kàn mí ni ti ilẹ̀ àti ewéko. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá fẹ́ wa kùsà níbì kan, èmi ni mo máa lọ gbẹ́ ilẹ̀ wò, tí mo máa ka igi, tí mo máa wá sọ ohun tí yóò kù fún àwọn tó ni ibẹ̀ lẹ́yìn tí awakùsà bá ti kó tirẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń sọ nípàdé, tí wọ́n máa ń gbọ́ tán tí wọ́n á ṣí ojú ìwé tó kàn. Mo fẹ́ sọ ọ́ síta báyìí. Ohun àkọ́kọ́ tí ìwakùsà ń bà jẹ́ ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò fi iye lé, ìyẹn ilẹ̀dú, erùpẹ̀ dúdú tó wà lójú ilẹ̀.

Kò yà mí lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ náà kì í wọ̀ wọ́n létí ní Tinúbú. Ẹ dúró níbẹ̀ lọ́sàn-án gangan, kí ẹ wò yíká. Ẹ ó rí ilé Báńkì Àgbà ilẹ̀ Nàìjíríà, báńkì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1959. Ẹ ó rí ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì. Ẹ ó rí ibi omi atúsókè tí àwọn ará Lẹ́bánónì fi ta wá lọ́rẹ nígbà òmìnira 1960. Ilẹ̀ gan-an, ìwọ̀nba tó wà nídìí àwọn igi ibẹ̀ ni ojú yín máa tó. Bẹ́ẹ̀ oko ni Ìsàlẹ̀ Èkó rí. Ìtàn ní oko ata Arómirẹ́ ló wà níbi tí Ìgà Ìdúngànrán, ààfin Ọba Èkó, wà títí di òní. Símẹ́ńtì tó bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n pò mọ́ ọn, ọ̀dà tó wà lójú títì, inú ilẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n ti hú wọn jáde. N kò bínú sí ìyẹn. A ó kọ́lé, a ó la títì, a ó sì wa ohun tí Ọlọ́run fi sábẹ́ ilẹ̀ wa. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn tí kò rí ilẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́ ló ń pinnu ohun tí ilẹ̀ tó.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí à ń wò. Bí a bá wọ igbó ní gúúsù Oǹdó, kòtò la ń gbẹ́, tó jìn dé àyà géńdé, a ó wá fi àdá fá ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ kó gún bí ògiri. Lókè pátápátá ni ìràwé wà, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lórí èyí tó ti jẹrà, olú sì ti ta okùn funfun tín-ín-rín sáàárín wọn. Abẹ́ rẹ̀ ni ilẹ̀dú. Bí ẹ bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á fúyẹ́. Bí ẹ bá fún un, á tú wúruwùru. Gbòǹgbò kéékèèké kún inú rẹ̀ bí irun orí, ekòló sì ti lu ú ní ihò káàkiri. Lọ́pọ̀ ibi, kò ju sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 lọ, kò tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Láti ibẹ̀ sísàlẹ̀, àwọ̀ á yí padà sí pupa, amọ̀ á máa pọ̀ sí i, òkúta kéékèèké á yọjú, ní ibòmíràn ẹ ó kan yangí.

Àlejò máa ń rò pé igbó tó tóbi báyìí, ilẹ̀ tó ń bọ́ ọ gbọ́dọ̀ jìn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òjò ilẹ̀ wa pọ̀, ó sì ti ń fọ oúnjẹ igi kúrò nínú erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ láti ayébáyé. Igbó wa kì í tọ́jú oúnjẹ sí ìsàlẹ̀. Ewé á já, á jẹrà, gbòǹgbò á gbé e padà sókè kí òjò tó gbé e lọ. Inú ilẹ̀dú tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà kan yìí ni gbogbo káràkátà náà ti ń ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ náà ni èso igi àti koríko tó já láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn sùn sí, tí wọ́n ń dúró de ìmọ́lẹ̀. Bí a bá ká ilẹ̀dú yìí kúrò, àgbàdo tí a bá gbìn sórí erùpẹ̀ pupa tó kù á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kò ní gbọ́mọ. Ilẹ̀dú kì í dá láàárín ìgbà ayé ẹnì kan. Katapílà kan á sì ká ti hẹ́kítà kan kúrò láàárín òwúrọ̀ sí alẹ́.

Òfin wa náà dá kún ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ pé ti ìjọba àpapọ̀ ni gbogbo àlùmọ́ọ́nì abẹ́ ilẹ̀. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 sì ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀, wọ́n á san owó ilé tó kọ́ àti ohun ọ̀gbìn tó wà lórí rẹ̀. Ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, kò ju owó ìṣákọ́lẹ̀ tí onílẹ̀ san fún ìjọba lọ́dún náà lọ. Àgbẹ̀ wo ló ń san irú owó bẹ́ẹ̀ fún ìjọba lórí oko bàbá rẹ̀? Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ka ohun ọ̀gbìn fi ń wọ oko pẹ̀lú ọ̀dà funfun lọ́wọ́: kòkó tó ń so, iye tirẹ̀, kòkó kékeré, iye tirẹ̀, ọ̀pẹ, obì, ọsàn, gbogbo wọn ní iye. Bàbá àgbà kan tí a jọ dúró lábẹ́ igi obì rẹ̀ wò mí títí, ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá Èkó, ẹ ti ka kòkó, ẹ ti ka ọ̀pẹ, ẹ ka obì. Ilẹ̀ tó gbé wọn ró ńkọ́?" Mo ní, "Bàbá, wọn ò fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù yìí, sà." Ó ní, "Ẹ jẹ́ pé fọ́ọ̀mù yẹn ò tíì parí." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni bàbá sọ, fọ́ọ̀mù náà kò sì tíì parí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Agbábù ni ọkàn mi máa ń lọ sí jù bí wọ́n bá dárúkọ kùsà tó ń bọ̀, torí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òun ló ti pẹ́ jù lórí ìwé ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Etí Odò Olúwa ló wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbó. Ọ̀dà dúdú tí wọ́n ń pè ní bitumen ń sun jáde fúnra rẹ̀ níbẹ̀. Bí oòrùn bá mú, á yọ́, á sì lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀. Láti 1908 títí di 1914, ilé-iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation, tí John Simon Bergheim jẹ́ olórí rẹ̀, lu kànga kiri àgbègbè náà àti ìhà ọ̀sà Lẹ́kkí, wọ́n ń wá epo. Bergheim kú lọ́dún 1912, Ogun Àgbáyé Kìíní wá dá iṣẹ́ náà dúró. Ilẹ̀ tó ní ọ̀dà yìí gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 120 láti ìhà Ẹdó gba Oǹdó lọ sí Ògùn. Láti ìgbà náà, ìjọba kan ń lọ, òmíràn ń bọ̀, gbogbo wọn ló sì ń pàtẹ rẹ̀ fún olówó. Mo gbà pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n máa wà á ní tòótọ́. Ìyẹn ló fi yẹ ká sọ̀rọ̀ nísinsìnyí.

Níbi tí ọ̀dà náà kò bá ti jìn, òkè ni wọ́n máa ti wà á wá. Wọ́n á gé igbó, wọ́n á ká ilẹ̀dú, wọ́n á kó amọ̀ àti yanrìn kúrò, kí wọ́n tó kan yanrìn ọlọ́dà. Omi gbígbóná ni wọ́n ń fi fọ ọ̀dà kúrò lára yanrìn, omi ẹlẹ́rẹ̀ tó bá sì kù, inú adágún ńlá ni wọ́n ń kó o sí. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ Agbábù rẹlẹ̀, omi abẹ́ ilẹ̀ sún mọ́ òkè. Kòtò tí wọ́n bá gbẹ́ á kún, wọ́n á máa fa omi rẹ̀ jáde tọ̀sán-tòru. Bí omi abẹ́ ilẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ nínú kòtò, á lọ sílẹ̀ lábẹ́ oko tó yí i ká pẹ̀lú. Àkùrọ̀ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Àwọn obìnrin tó ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ilá síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn á rí i pé ilẹ̀ ti sán. Igi ògùrọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láti orí. Oko wọn lè wà ní ìta ààlà kùsà pátápátá, kí orúkọ wọn má sì sí nínú ìwé owó gbà-máà-bínú.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Òkèèrè tí a lè wò ni Alberta ní Kánádà, níbi tí wọ́n ti ń wa irú yanrìn ọlọ́dà yìí ní ìwọ̀n ńlá láti 1967. Orílẹ̀-èdè tó lówó ni, ó ní òfin, ó sì ní àwọn onímọ̀ ilẹ̀ tó mọṣẹ́. Ọdún 2008 ni ìjọba Alberta tó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé ilẹ̀ kan tí kùsà lò ti padà bọ̀ sípò. Hẹ́kítà 104 ni, lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Syncrude. Ó lé ní 40 ọdún kí wọ́n tó rí ilẹ̀ tí kò tó oko àwọn ará abúlé kan fọwọ́ sí. Òkìtì erùpẹ̀ tí wọ́n gbin igi lé lórí ló sì jẹ́. Irà tó wà ní agbègbè yẹn tẹ́lẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ló fi kóra jọ, kò sì sí katapílà tó mọ bí a ṣe ń dá irà. Bí Kánádà bá jìyà báyìí lórí ilẹ̀ tútù tí òjò rẹ̀ kò le, ẹ wo tiwa, níbi tí òjò alẹ́ kan ti lè gbá erùpẹ̀ tí kò ní ewé lórí lọ sódò.

Nílé níbí náà, a ní ibi tí a ti lè kọ́gbọ́n. Láti 1960 ni Ewékorò ti ń fún wa ní símẹ́ńtì, Ṣàgámù àti Ìbẹ̀sè sì tẹ̀ lé e. Nítòsí kùsà òkúta símẹ́ńtì kan tí n kò ní dárúkọ, mo já ewé kòkó kan wò. Eruku ti bò ó, ìrì ti rin eruku náà, oòrùn sì ti sá a gbẹ títí ó fi di èèpá. Mo fi àtàǹpàkò họ ọ́, ó ṣí ní pẹlẹbẹ bí ọ̀dà ògiri tó ń bó. Abẹ́ èèpá náà ti pọ́n. Iṣan ewé nìkan ló ṣì tutù. Ohun tí ìyẹn ń sọ kò ṣòro kà. Eruku òkúta ẹfun ń pa kíkan ilẹ̀ rẹ́. Díẹ̀ nínú rẹ̀ a máa ṣe ilẹ̀ kíkan láǹfààní, àwọn àgbẹ̀ kan tilẹ̀ ń rà á. Bí ó bá ti pọ̀ jù, tí ìwọ̀n pH ilẹ̀ gòkè kọjá 8, irin, síǹkì àti máńganísì tó wà nínú ilẹ̀ á dè, gbòǹgbò kò ní lè fà wọ́n mọ́. Ilẹ̀ náà ò kú, àmọ́ ebi ń pa igi orí rẹ̀. Àgbẹ̀ á máa sọ pé kòkó òun ti darúgbó.

Ti wúrà Ìjẹ̀ṣà le ju èyí lọ, torí pé omi ló ń gbé tirẹ̀ kiri. Kùsà ńlá Sẹ̀gilọlá gbé wúrà àkọ́kọ́ jáde ní oṣù keje 2021, ó sì ní ìwé àyẹ̀wò àyíká. Ṣùgbọ́n ní Ìtàgúnmódì àti àwọn ìlú tó yí i ká, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wa wúrà kò ní ìwé kankan. Àárín oko kòkó ni wọ́n ń gbẹ́, wọ́n á fọ erùpẹ̀ létí odò, wọ́n á fi kòtò sílẹ̀, wọ́n á kọjá lọ. Ìṣòro méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni òkúta tó ní imí-ọjọ́ nínú, èyí tó sábà máa ń bá wúrà rìn. Bí ó bá wà lábẹ́ ilẹ̀, kò ṣe nǹkankan. Bí afẹ́fẹ́ àti òjò bá ti kàn án, á di omi kíkan tó ń yọ irin olóró láti inú òkúta mìíràn. Ìkejì ni ilẹ̀dú tó ń bá omi lọ. Gbogbo ẹni tó bá ti dé Òṣogbo láìpẹ́ yìí ló mọ bí àwọ̀ Odò Òṣun ti pọ́n, odò tó gba inú igbó tí UNESCO fi sínú ìwé ogún àgbáyé lọ́dún 2005. Àwọ̀ pupa yẹn, oko ẹnì kan ni. Odò Òṣun sì ń wọ ọ̀sà Lẹ́kkí, ọ̀sà Lẹ́kkí ń wọ ọ̀sà Èkó, ọ̀sà Èkó ló yí erékùṣù tí Tinúbú wà lórí rẹ̀ po. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ètò kalẹ̀ lọ́dún 2020 pé kí Báńkì Àgbà máa ra wúrà lọ́wọ́ awakùsà kéékèèké, wúrà la rò pé ó ń bọ̀ nílé. Ilẹ̀ tí wọ́n wú jáde pẹ̀lú rẹ̀ ń bọ̀ nílé pẹ̀lú. Kì í sì í ṣe odò nìkan ni irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń bà jẹ́. Ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé tó wà nínú òkúta wúrà pa àwọn ọmọdé tó lé ní 400. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gba àwọn yòókù là, ojú ilẹ̀ agbolé ni wọ́n ní láti há kúrò, kí wọ́n kó ilẹ̀ mìíràn dà sí i.

Ẹ jẹ́ kí n yà sọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́wé ọmọ ní ọjà Jáńkárà, torí pé wọ́n mọ ewéko ju ọ̀pọ̀ ìwé àbọ̀ ìwádìí lọ. Bí ọjà wọn bá wọ́n, wọ́n á sọ fún yín igbó tí ó ti tán. Àwọn ewé kan wà tí kì í gbé inú oòrùn. Ewé eéran tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, abẹ́ òjìji igi ńlá ló ń hù sí. Bí wọ́n bá ti ṣí orí igbó, ó parí. Ohun tó máa ń gba ipò rẹ̀ ni ewé Akíntọ́lá, lẹ́yìn náà ẹ̀kan, tí iná ẹ̀ẹ̀rùn á máa jó lọ́dọọdún. Ìwé àbọ̀ tí mo ń kà lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn á wá sọ pé "ilé-iṣẹ́ yóò gbin igi padà". Igi wo? Tíìkì àti mẹlénà ni. Láti títì, ẹ ó rò pé igbó ni. Ẹ wọ abẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ á gbẹ, ewé tíìkì ńláńlá á bò ó, kò sí ewé eéran, kò sí olú, ẹ lè rìn títí kí ẹ má rí ekòló kan. Oko pákó ni, ẹ má pè é ní igbó.

Ọ̀nà wà láti ṣe é dáadáa, kò sì ṣòro bí wọ́n ti ń sọ. Kí wọ́n má ká ilẹ̀dú nígbà òjò, torí pé bí katapílà bá tẹ̀ ẹ́ ní tútù, á dì. Kí wọ́n má pò ó mọ́ erùpẹ̀ pupa. Kí òkìtì rẹ̀ má ga ju orí ènìyàn lọ, nítorí pé èyí tó bá wà ní ìsàlẹ̀ òkìtì gíga kò rí èémí, okùn olú àti èso inú rẹ̀ á kú. Kí wọ́n máa dí kòtò àná bí wọ́n ti ń gbẹ́ ti òní, kí ilẹ̀dú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká lè lọ tààrà sórí ibi tí wọ́n ti wà tán. Òfin Àlùmọ́ọ́nì ti 2007 tilẹ̀ ti ní kí awakùsà fi owó àtúnṣe ilẹ̀ sínú àpò kan, kí ó sì bá ará ìlú ṣe àdéhùn kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí adágún omi tí àwọn tó wa tánńganran fi sílẹ̀ ní Jọ́ọ̀s mọ ìdí tí òfin náà fi wáyé. Àtúnṣe tí wọn kò bá fi owó rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú kì í wáyé. Bí àlùmọ́ọ́nì bá tán, ilé-iṣẹ́ á tà, ẹni tó rà á á tún tà, àwọn tí a jọ jókòó sípàdé ní Broad Street á ti wà níbòmíràn.

Ohun kan tí mo ń bẹ àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yìí ni pé kí wọ́n má gba iṣẹ́ tí wọn kò ní lọ wò nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìlànà iṣẹ́ wa béèrè fún méjèèjì. Ẹni tó bá lọ ní ẹ̀ẹ̀rùn nìkan kò ní rí àkùrọ̀ tó kún, ẹni tó lọ nígbà òjò nìkan kò ní mọ kànga tó ń gbẹ. Mo ti ka ìwé tí orúkọ igi inú rẹ̀ jọ ti kùsà mìíràn láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí kan àṣìkọ. Ìwà burúkú ni, ará oko ló sì ń jìyà rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ Oǹdó, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ọmọ Ẹ̀gbá tí ẹ ń ṣòwò láàrin Tinúbú sí Ìdúmọ̀tà, ẹ̀yin ni mo kọ èyí fún. Bí wọ́n bá kéde pé ìwé àyẹ̀wò kùsà kan ti jáde, ọjọ́ iṣẹ́ 21 ni wọ́n fi ń pàtẹ rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ àti ti ìpínlẹ̀ kí gbogbo ènìyàn lè kà á. Àwọn ará ilé yín lè máà gbọ́. Ẹ̀yin máa rí i nínú ìwé ìròyìn. Ẹ lọ kà á. Ẹ ṣí orí ilẹ̀ àti ewéko, kí ẹ wá èsì sí ìbéèrè wọ̀nyí: ibo ni wọ́n máa kó ilẹ̀dú sí, báwo ni òkìtì rẹ̀ ṣe máa ga tó, ọdún wo ni yóò padà sójú ilẹ̀, ọwọ́ ta sì ni owó rẹ̀ wà? Bí ìwé náà kò bá dáhùn, ẹ kọ ọ́ sórí bébà pé kò dáhùn, ẹ fi orúkọ àti àdírẹ́sì yín sí i, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká kí ọjọ́ 21 náà tó pé.